Eérú Ìyá Ọkọ Mi

Mo rántí ìgbà tí orí mi kì í kúrò lábẹ́ báàfù eérú. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, ní abúlé kan lọ́nà Ayétòrò, ìyá ọkọ mi sì ń yan gààrí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá kó eérú ààrò rẹ̀, màá rù ú lọ sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, màá dà á sí ìdí ẹ̀gẹ́. Èmi rò pé ó kàn fẹ́ fìyà jẹ mí ni. Màá máa ráhùn lójú ọ̀nà, eérú á máa já bọ́ sí mi lójú. Mo mà gọ̀ nígbà yẹn o!

Nínú ẹbí wọn, wọ́n máa ń fún ìyàwó tuntun ní ilẹ̀ díẹ̀ kó fi gbin ẹ̀gẹ́. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tu ú, gbogbo ẹbí á wá wò ó. Bí ẹ̀gẹ́ náà bá ta dáadáa, ilẹ̀ ti di tirẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá ta, wọ́n á gbà á fún ẹlòmíràn. Mo fẹ́ ilẹ̀ yẹn ju ohunkóhun lọ, torí nílé bàbá mi wọn kì í fún obìnrin ní ilẹ̀.

Nígbà tí mo gbin ẹ̀gẹ́ tèmi, ìyá ọkọ mi gbé àpò ajílẹ̀ funfun kan fún mi, èyí tí wọ́n ń kó gba ẹnu ibodè wọlé fún àwọn alágbàdo.

"Gbà, ìyàwó. Dà á sí i dáadáa, má ṣahun."

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo tún ṣàdúrà fún un! Ẹ̀gẹ́ mi dúdú minimini, ó ga kọjá orí ọkọ mi. Àwọn ọlọ́kadà ń dúró wò ó. Ìyá ọkọ mi ló ń yìn ín jù, òun náà ló sì lọ pe àwọn ará ilé lọ́jọ́ tí mo fẹ́ tu ú.

Mo fa igi àkọ́kọ́, ó tu wẹ́rẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé. Mo fa òmíràn, bákan náà ni. Mò ń fà, mò ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ewé nìyàwó wa gbìn," ni ìyá ọkọ mi wí. "Ẹ bá a wá ewúrẹ́ tó máa jẹ ẹ́."

Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gba ilẹ̀ náà fún àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Ó pẹ́ kí onímọ̀ ọ̀gbìn kan tó wá bá àwa obìnrin sọ̀rọ̀ ní Ayétòrò. Ó ní ewé ni ajílẹ̀ funfun yẹn ń bọ́. Bó bá ti pọ̀ jù, ẹ̀gẹ́ kò ní ta. Ó ní ohun tó ń mú ìdí ẹ̀gẹ́ sanra wà nínú eérú. Mo sáré wálé, mo bá ìyá ọkọ mi nídìí ààrò.

"Màmá, ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀." Kò tilẹ̀ dáwọ́ gààrí yíyan dúró. "Ta ló ní kó o má bi mí ní nǹkan tí ò ń rù?"

Ó ti darúgbó báyìí, kò lè dìde mọ́. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń tẹ ẹ̀bà fún un. Kò bẹ̀ mí rí, èmi náà ò sì tíì dárí jì í. Oko rẹ̀ ti di ti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ààrò ló kù fún mi, mo sì ń kó eérú rẹ̀ láràárọ̀. Mo ti wá mọ ohun tó ń ṣe fún ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yìn ilé ni mò ń dà á nù sí, torí mi ò ní ilẹ̀.