Àwòrán Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Kò Lóhùn

Ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí wáyà méjì fi ojú mi rí. Èmi kò mọ̀wé o. Ràṣídá, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yọ ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé àwo tẹlifíṣọ̀n sórí òrùlé wa níbí ní Kétu, ní ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Ọkùnrin tó wá ṣe é kò yọ àńtẹ́nà àtijọ́ kúrò. Ó fa wáyà àwo, ó fa wáyà àńtẹ́nà, ó ti méjèèjì bọ inú nǹkan kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, wáyà kan ṣoṣo ló sì gba inú ògiri wọlé. Nídìí tẹlifíṣọ̀n, ó tún fi irú nǹkan náà pín wọn padà. Mo bi í pé ṣé wọn ò ní dàrú mọ́ ara wọn? Ó ní, "Màmá, ìdí tí a fi ń fi èyí sí i nìyẹn. Kálukú á máa rìn lọ́nà tirẹ̀."

Mo dìde, mo wọ yàrá lọ jókòó. Ràṣídá rò pé ó rẹ̀ mí ni.

Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí wọ́n ń pe gbogbo èèyàn ní kàmáráàdì lórílẹ̀-èdè yìí, ọkọ mi, Bàbá Lámídì, tó máa ń ra àgbàdo lọ́wọ́ àwọn ará oko Òpómẹ́ta, ra tẹlifíṣọ̀n kan ní Kútọnú. Bátìrì mọ́tò la fi ń tàn án. Kútọnú náà ni àńtẹ́nà rẹ̀ kọjú sí. Ìròyìn ìjọba ni bàbá ń wò, ìpàdé òní, ìpàdé ọ̀la, torí bí dẹlẹgé, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò wa, bá bi í ní ohun tí wọ́n sọ, kò fẹ́ kí ẹnu òun wọ́.

Èmi ńkọ́? Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi Bùràímọ̀ wà, ẹni tó tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà mí fún ọkọ. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Síkírù, bá mi ní kékeré nílé. Ẹ sáà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ó wo eyín mi, ó sọ mí ní Eyínfúnjowó. Bó bá ti pè é láti ẹnu ọ̀nà báyìí, inú mi á dùn bí ọmọ tí wọ́n fún ní àkàrà.

Ni Nàìjíríà bá ti bọ́dà. Sójà dúró sójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, inú igbó ló máa gbà. Mo bẹ bàbá pé kó jẹ́ ká yí àńtẹ́nà sí ọ̀dọ̀ tiwa, kí n kàn máa rí ìlú mi. Ó kọ̀. Sùlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe, ló parí ìjà. Ó so àńtẹ́nà kejì mọ́ òpó kan náà, ó kọjú rẹ̀ sí Abẹ́òkúta, ó bó wáyà méjèèjì, ó lọ́ wọn pọ̀ bí ẹni ń dirun, ó fi rọ́bà wé e.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ máa wo ìlú yín. Àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ ohùn o. Ohùn tọ̀hún kò bá tẹlifíṣọ̀n Kútọnú mu."

Bàbá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ nílé yìí tó mi."

Dẹlẹgé kọjá, ó wòkè. "Kàmáráàdì, ilé rẹ ti wá lójú méjì." Bàbá ní ọ̀kan ń wo ìjọba, ọ̀kan ń wo àna.

Àwòrán ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń jà nínú wáyà. Gbogbo èèyàn ló ní òjìji lẹ́yìn. Ìwé tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ń jókòó lé ara wọn lórí, àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé gan-an kò lè kà á.

Kí bọ́dà tó tì, ẹ̀gbọ́n mi ti ránṣẹ́ pé bí Ọlọ́run bá fẹ́, òun ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yẹn. Lẹ́yìn Iléyá, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ṣa ẹ̀wà níwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo gbójú sókè, mo rí ẹ̀gbọ́n mi. Òun náà ni, pẹ̀lú ilà ojú rẹ̀, pẹ̀lú agbádá funfun, ìwé rẹpẹtẹ lábẹ́ àwòrán. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọmọ a máa fi àwòrán kí bàbá wọn tó ti Mẹ́kà dé lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ti rí i rí nígbà tí mo lọ kí wọn. Àwòrán náà dúró díẹ̀, kò fọhùn, ó lọ.

Ẹ̀wà dà nù lẹ́sẹ̀ mi. Mo ké pe bàbá pé ẹ̀gbọ́n mi ti di Àlájì!

Bàbá kì í yára yọ̀. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ta ló tọ́ mi, ṣé n ò ní mọ ojú rẹ̀ ni? Ó ní, "Ó dáa. Àna mi á máa wá fi tẹ̀súbáà gbá mi lórí nìyẹn." A rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ o, a rẹ́rìn-ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Mo di iṣu, mo di oyin, mo mú adìyẹ, mo ra aṣọ funfun tó dára pé kó fi rán agbádá Àlájì. Kàrímù, tó máa ń fi alùpùpù gba inú igbó lọ sí Ìmẹ̀kọ, ló gbé e fún awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Abẹ́òkúta. Mo kọ́ Kàrímù ní ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ máa bá mi sọ, mo sì ní kó tún un sọ létí mi: Eyínfúnjowó ní ẹ kú oríire, Ọlọ́run á jẹ́ ká máa rí irú rẹ̀.

Ẹ tún un kà. Iṣẹ́ tí mo rán nìyẹn.

Nígbà tí Kàrímù tún ti Ìmẹ̀kọ dé, kò sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù. Aṣọ funfun náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò tú u. Mo ní, "Kàrímù, ṣé aṣọ ọ̀hún kò wù wọ́n ni?"

Ó ní, "Ìyá Lámídì, ẹ jẹ́ kí bàbá dé ná."

Mo ní kó sọ ọ́. Ó wolẹ̀, ó ní ìyàwó ilé ló dá a padà, ọ̀rọ̀ tó sì fi rán awakọ̀ ni pé: "Ẹ sọ fún Sàlámọ̀ pé a ti fi aṣọ funfun sin ọkọ mi. A ò nílò òmíràn."

Sàlámọ̀. Kí n tó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi kú, orúkọ mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

Kò dé Mẹ́kà rárá. Àìsàn ló dá a dúró. Ìkéde òkú ni àwòrán yẹn. Wọ́n ti rán ẹnì kan pé kó wá túfọ̀ fún mi, sójà dá a padà ní bọ́dà, kò sì sọ fún wọn pé òun ò dé ọ̀dọ̀ mi. Lójú tiwọn, mo ti gbọ́. Wọ́n wà lórí ẹní ọ̀fọ̀, awakọ̀ kan wọlé, ó gbé adìyẹ kalẹ̀, ó fi gbogbo ẹnu kí wọn kú oríire, ó ní ká máa rí irú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa rò?

Bàbá gun òpó fúnra rẹ̀, ó já àńtẹ́nà kejì lulẹ̀. Kò bá mi wí.

Nígbà tí ọ̀nà là, mo lọ. Èmi ọmọ ilé, mo kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé. Mo ṣàlàyé wáyà, mo ṣàlàyé àwòrán tí kò lóhùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, Sàlámọ̀. Ẹ jẹun." Bó ṣe ń ṣe é títí ó fi kú nìyẹn: ó ń gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó ń bu oúnjẹ tó dára fún mi, Sàlámọ̀ ló ń pè mí. Síkírù ọmọ rẹ̀ ní ìyá òun ti dárí jì mí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Aṣọ funfun náà ṣì wà nínú àpótí mi. Ràṣídá mọ ohun tí wọ́n máa fi í ṣe.

Ẹ̀yin tí àwòrán ń wọ fóònù yín tọ̀sán-tòru, bí ẹ bá rí ojú èèyàn yín níbẹ̀, ẹ má tíì yọ̀, ẹ má sì tíì sunkún. Ẹ pè é kí ẹ gbọ́ ohùn. Bí kò bá gbé e, ẹ wá ẹni tó máa fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kí ẹ tó rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Ṣé ẹnì kan wà nínú yín tó ti kí ọlọ́fọ̀ kú oríire rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, Ràṣídá á kà á sí mi létí. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí mi, ẹ má wulẹ̀ pè mí ní Màmá. Eyínfúnjowó ni kí ẹ pè mí. Eyín ọ̀hún ti ká tán, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ náà gbẹ̀yìn.