Kannakánná Kọ̀ Kò Jẹ Ìrẹsì Madhukar

Ní Bergen, ìlú kan ní Norway, bí òjò bá dá fún ọjọ́ kan péré, àwọn aládùúgbò wa á máa bi ara wọn bóyá nǹkan ti bàjẹ́ lókè. Inú òjò yìí ni Madhukar, ará Íńdíà tó ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ṣe, gbé títí irun rẹ̀ fi funfun. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà, ilé rẹ̀ sì dákẹ́ débi pé èèyàn lè gbọ́ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ nínú ọbẹ̀.

Lọ́dọọdún, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn ní Íńdíà, bí ọjọ́ ìrántí bàbá rẹ̀ bá pé, á se ìrẹsì, á gbé ti olóògbé síta fún kannakánná. Bí ẹyẹ náà bá jẹ ẹ́, bàbá ti jẹun nìyẹn. Bí kò bá jẹ ẹ́, inú òkú ò dùn, ọmọ ò sì gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan kan.

Lọ́dún yìí, kannakánná bà sórí irin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo ìrẹsì náà bí ìyá ọkọ ṣe ń wo ọbẹ̀ ìyàwó tuntun, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nílé wọn, bó bá rí báyìí, ìlérí ni wọ́n fi ń tu òkú lójú.

"Bàbá, mo máa tún òrùlé yín ṣe."

Ẹyẹ ò mira.

"Mo máa parí ìjà èmi àti àbúrò mi."

Ó ń họra lábẹ́ ìyẹ́.

"Mo máa padà wálé."

Ó kọ̀yìn sí i. Ogún ọdún ni bàbá fi gbọ́ irọ́ yẹn lórí fóònù.

Gunnvor, opó tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé òun àti ti Madhukar, yọrí lójú fèrèsé. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Bàbá mi ni, mà."

"Ó jọ ọ́ nímú. Sọ fún un kó má yàgbẹ́ sórí òdòdó mi o!" Ó ti fèrèsé pa.

Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Madhukar ṣubú. "Bàbá," ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ó ti sú mi láti máa dá jẹun. Ti òní, mo máa bá ẹnìkan jẹ ẹ́."

Kannakánná fò sílẹ̀, ó gbé ìrẹsì mì bí ẹni tó ti ń gbààwẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti dá ayé.

Ó di dandan. Madhukar bu oúnjẹ, ó kan ilẹ̀kùn tí kò kàn rí.

"Mo gbé oúnjẹ wá, mà. Mo ní bóyá ká jọ..."

"Áà, o ṣé o! Mi ò tíì dáná rárá." Ó gba àwo, ó rẹ́rìn-ín, ó ti ilẹ̀kùn.

Madhukar padà sílé. Ó wọ́ tábìlì rẹ̀ títí ó fi kan ògiri tó pààlà òun àti Gunnvor, ó dúró títí ó fi gbọ́ ṣíbí Gunnvor lára àwo, kó tó bu òkèlè àkọ́kọ́.