Ẹjọ́ Tí Wọ́n Parí Nílé

Ọdún méje ni Mùlíkátù ti fi ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Itamaga, ní Ìkòròdú. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń tẹ́ wọn sùn. Kò ní ju ìwé mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí gbogbo olùkọ́ bá bẹ̀ tí kò dákẹ́, bó bá ti dé ẹ̀yìn Mùlíkátù, ẹkún parí.

Ní ọdún 2008, ọ̀gá ilé ìwé náà, Ìyáàfin Ọláòtán, pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ìpínlẹ̀ ti ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé lọ́dún tó ṣáájú, òun ò sì ní dúró dìgbà tí ẹnì kan máa wá bi òun ní ìbéèrè. Ẹni tó bá máa fọwọ́ kan ọmọ nílé ìwé òun, àtolùkọ́ àtagbálẹ̀, gbọ́dọ̀ mú onídùúró méjì wá, kó sì dáhùn ìbéèrè kan nínú fọ́ọ̀mù: ṣé ọlọ́pàá ti mú un rí lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé? Ọ̀sẹ̀ méjì ló fún wọn. Ẹni tí kò bá mú un wá, kó má wulẹ̀ wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Wọ́n ti mú Mùlíkátù rí.

Ẹ̀pẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, ní 1999. Ó ń tọ́jú Hàbíbàt, ọmọ ọdún mẹ́ta, fún ìyá rẹ̀, Kúbúrátù, tó ń ta ẹja. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, létí omi, ọmọ náà já sínú ọ̀sà. Apẹja kan ló bẹ́ lé e, tó fà á yọ. Ó ti mu omi, ṣùgbọ́n ó yè. Kúbúrátù wọ́ Mùlíkátù lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní ó fẹ́ pa ọmọ òun. Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀ kí àgbà àdúgbò kan, Bàbá Adéòjó, tó gba beèlì rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà ní pálọ̀ bàbá: Mùlíkátù kúnlẹ̀, Kúbúrátù ní òun ti dárí jì í, àfáà ṣe àdúà, wọ́n jẹ sààrà, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹjọ́ tí àgbà bá ti parí, ta ló tún ń gbé e padà lọ bá ọlọ́pàá? Kò sẹ́ni tó lọ. Ìwé ọlọ́pàá ò sì mọ̀ pé wọ́n ti jẹ sààrà.

Moyọ̀sọ́rẹ, olùkọ́ tí wọ́n jọ ń lo yàrá kan, rí i pé kò jẹun ọ̀sán, ó bi í títí ó fi jẹ́wọ́. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kọ 'rárá' síbẹ̀, Àǹtí Mùlí. Ta ló máa wọkọ̀ dé Ẹ̀pẹ́ tìtorí ìwé tí eku ti jẹ?"

Mùlíkátù ṣírò rẹ̀. Bó bá kọ 'rárá', iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí àlejò bá kan géètì làyà rẹ̀ á máa já. Bó bá kọ 'bẹ́ẹ̀ ni' láìsí àlàyé, ó tán: ta ló máa gbé ọmọ fún ẹni tí wọ́n ní ó fẹ́ pa ọmọ? Ọ̀nà kan ló kù, ọ̀nà náà sì gba Ìtòìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Sájẹ́ǹtì Ògúnsànyà fi wákàtí méjì tú ìwé àtijọ́. Mùlíkátù ń bẹ Ọlọ́run kó má rí i. Ó rí i. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gbangba: wọ́n gba beèlì rẹ̀, ẹjọ́ ò tíì parí. Sájẹ́ǹtì ní bí òun bá tẹ̀ lé ìwé, ó yẹ kóun tún tì í mọ́lé. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n Mùlíkátù ò lè rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó fi í sùn ló gbọ́dọ̀ wá fẹnu ara rẹ̀ jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà, aago mẹ́rin lòun sì máa kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ó bá Kúbúrátù lọ́jà ẹja. Ó ti di Àlájà, ó ń gé ẹja, Hàbíbàt tó ti di ọmọ ọdún méjìlá ń bá a ha ìpẹ́. Mùlíkátù kúnlẹ̀, ó ròyìn ohun tó gbé e wá. Ọ̀bẹ ò dúró.

"Mo dárí jì ọ́ o, Mùlíkátù. Mi ò sọ pé mo gbàgbé."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ gbàgbé, Àlájà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ sọ."

"Gbogbo ẹ̀?"

Mùlíkátù wo ọmọ náà, ó wolẹ̀. "Gbogbo ẹ̀, mà."

Ọ̀bẹ dúró. Ohun tí àwọn méjèèjì mọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò fẹnu kàn ní pálọ̀ Bàbá Adéòjó, ni pé Kúbúrátù fúnra rẹ̀ ló pe Mùlíkátù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ lọ́jọ́ náà, pé kó sáré wá bá òun gbé ẹja kí oníbàárà má baà lọ. Mùlíkátù ní kóun pọn ọmọ ná. Kúbúrátù ní kó fi í sílẹ̀, ìṣẹ́jú kan ni. Ní pálọ̀, Mùlíkátù gbé e mì, torí ẹni tó bá kúnlẹ̀ níwájú àgbà, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, kì í rojọ́.

"Kí ni gbogbo ẹ̀, Mọ́mì?" Hàbíbàt ló béèrè.

Kúbúrátù nu ọwọ́ rẹ̀. "Bo ẹja yẹn. Ìwọ náà ń bọ̀. Ẹnu mi ni kó o ti gbọ́ ọ."

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n dé àgọ́. Kúbúrátù sọ ọ́ lórí ìdúró, kò yọ ohunkóhun kúrò. Hàbíbàt fara ti ilẹ̀kùn, kò wo ojú ìyá rẹ̀. Sájẹ́ǹtì kọ ọ́, Àlájà tẹ ìka sí i, wọ́n ya ẹ̀dà kan fún Mùlíkátù.

Lọ́jọ́ Ajé, ó kọ 'bẹ́ẹ̀ ni' sínú fọ́ọ̀mù, ó so ẹ̀dà náà mọ́ ọn. Ìyáàfin Ọláòtán kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Àǹtí Mùlí, tó bá jẹ́ pé èmi ni mo pè yín lónìí ńkọ́, tọ́mọ sì wà nínú omi ìwẹ̀?"

"Ẹ máa dúró kí n kọ́kọ́ gbé ọmọ, mà."

Ọ̀gá fi fọ́ọ̀mù náà sínú fáìlì, ó ní kó máa lọ bá àwọn ọmọ, wọ́n ti ń jí.