Ẹ̀ṣẹ̀ Kan Ṣoṣo Tí Ìyá Mi Ń Jẹ́wọ́

Àràárọ̀ ni ìyá mi máa ń kúnlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní Èjìgbò, tí yóò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà fún Ọlọ́run: ó fi ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn sílẹ̀ ní ìlú Ola, ó bá ọkọ lọ sí Àbíjàn, ìyá náà sì kú kó tó padà dé.

Mo ní, “Màámi, pásítọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ jẹ́wọ́ ti tó. Ọlọ́run ti dárí jì yín.”

Ó ní, “Mo gbọ́. Ìyá mi ńkọ́? Ta ni yóò bá mi bẹ̀ ẹ́?”



Lọ́dún tó kọjá, àìsàn rọpárọsẹ̀ gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Títí tó fi kú, ètè rẹ̀ ń mì láràárọ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi á kàn jókòó tì í.