Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Ẹnikẹ́ni Kò Pe Màmá Ní Àbẹ̀kẹ́

Ní ọjọ́ kẹta ni Màmá Adéọlá tó bi mí léèrè, ìbéèrè náà kò sì jọ ẹ̀sùn rárá. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní Arámọkọ, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, fóònù wọn wà lórí itan.

"Ṣé ara Bàbá Ògúndélé yá?"

Mo ní n kò gbọ́ pé wọ́n ń ṣàìsàn.

"Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí wọn kò pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Bóyá ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn ló dùn wọ́n."

Mo ti ń fura pé èmi ni mo fà á, ṣùgbọ́n n kì í sọ ohun tí n kò tíì yẹ̀ wò. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀, mo sì wọ yàrá tí ẹ̀rọ wà lọ.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, mo sin ilẹ̀ bàbá mi fún ọdún kan, mo padà sílé, n kò sì ríṣẹ́. Màmá Adéọlá, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì, ló gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan, àwọn àti àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì bíi tiwọn, lórí ìkànnì ńlá kan lórí ayélujára. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ náà pòórá pẹ̀lú gbogbo fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n kó síbẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ni ìkànnì náà, wọn kò rí èsì. N kò lè sọ pé ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ohun tó dá mi lójú ni pé ayálégbé kì í mọ ọjọ́ tí onílé máa pààrọ̀ àgádágodo.

"Ìwọ tó kàwé ẹ̀rọ," Màmá wí nígbà náà, "ṣé a kò lè kọ́ ulé tiwa ni?"

Ulé ni a ń pe ilé ní Èkìtì, orúkọ náà sì mọ́ ìkànnì wa lára. Mo tún kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ṣe, mo gbé e sí yàrá tí Màmá ń kó uṣu sí tẹ́lẹ̀, mo so ó mọ́ sólà tó wà lórí òrùlé wọn. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, tó ń tọ́jú ohun tí gbogbo ènìyàn kọ, tó sì ń fi jíṣẹ́ fún ẹni tó bá ni ín, ni à ń pè ní sáfà. Kò tóbi ju àpótí bàtà lọ. Fún oṣù kan gbáko ni Màmá ń kí àwọn àlejò pé, "Ẹ rọra o, gbogbo Arámọkọ wà nínú yàrá yẹn."

Lẹ́yìn tiwa ni Ẹ̀fọ̀n kọ́ tiwọn. Ṣẹ́gun tó ń tún fóònù ṣe níbẹ̀ ló ń bójú tó o. Ilé kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó ní olórí tirẹ̀ àti òfin tirẹ̀, síbẹ̀ ilẹ̀kùn wà láàárín wọn, bíi ti àwọn ilé inú agboolé. Ẹni tó wà ní Ulé Arámọkọ lè kí ẹni tó wà ní Ulé Ẹ̀fọ̀n láìkó ẹrù rẹ̀ kúrò níbi tó wà. Kò sí ọ̀gá kan lókè wa. Ilé tó bá sì bínú lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ èkejì. Níwọ̀n bí ó ṣe yé mi sí, ìfẹ́ inú nìkan ló so wá pọ̀.

Bàbá Ògúndélé ni bàbá Ṣẹ́gun. Àwọn ni ọ̀gá ilé ìwé tí Màmá ti kọ́kọ́ ṣe tísà, ní ìgbà tí Màmá ṣì jẹ́ omidan. Ní àràárọ̀, kí wọ́n tó lọ sóko, Bàbá a jókòó, wọn a sì kí gbogbo ará Ulé Arámọkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Ẹ kú àárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí? Gbogbo ilé ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún gbogbo wa, àfi oríkì tí wọ́n ń fi parí rẹ̀. Àkànní, Àdùkẹ́, Àlàó. Ti Màmá ni Àbẹ̀kẹ́. Màmá ti sọ fún mi rí pé gbogbo àwọn tó ń pe àwọn bẹ́ẹ̀ ti kú tán, ó ku Bàbá nìkan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, àwọn àkáùntì èké kan ya wọ inú Ulé wa láti ìta. Ẹ̀rọ ló ń darí wọn. Wọ́n ń fi ìpolówó oògùn ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Mo fi ọkàn balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe, mo sì kọ òfin kan fún sáfà: bí ẹnì kan láti ilé mìíràn bá fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra ránṣẹ́ sí ènìyàn tó ju ogún lọ láàárín wákàtí kan, ẹ̀rọ ni, kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ilé tó ti wá. Ìpolówó náà dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan náà. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi òfin náà ránṣẹ́ sí Ṣẹ́gun kí ó lè lò ó.

Nísinsìnyí, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ sáfà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wà níbẹ̀ kedere: a ti ilẹ̀kùn mọ́ Ulé Ẹ̀fọ̀n, ní òwúrọ̀ ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìdí: ẹ̀rọ.

Mo ṣí ilẹ̀kùn náà padà, mo sì pe Ṣẹ́gun.

"Àṣé àṣìṣe ni?" ó ní. "Àwọn ará ibí ti gbà pé ẹ kò fẹ́ wa mọ́. Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn tiwa náà lọ́jọ́ Sátidé."

"Kí ló dé tí Bàbá kò béèrè?"

"Àgbàlagbà wo ló ń béèrè ìdí tí ènìyàn kò fi dá òun lóhùn?"

Màmá náà kò béèrè, torí pé àwọn fúnra wọn ti sọ lójú gbogbo ènìyàn pé Bàbá ṣi orúkọ ẹnì kan pè nínú fọ́tò kan. Àgbà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan rò pé òun lòun ṣẹ èkejì. Mo jẹ́wọ́ fún Màmá. Wọ́n gbé ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orí fóònù," wọ́n ní. "Wá ọkọ̀."

Nígbà tí a kọjá Ìta Awúrẹ lọ́nà Ẹ̀fọ̀n, tí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yí wa ká, mo ti to àlàyé mi ní ẹsẹẹsẹ. N kò lo ìdajì rẹ̀. Bàbá ń jẹ iyán lọ́wọ́ nígbà tí a wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe.

"Dúró ná," Bàbá ní. "Kí ni ẹ̀rọ rẹ ní mo jẹ́?"

"Ó ní ẹ̀rọ ni yín, Bàbá."

Wọ́n wo ọwọ́ wọn, wọ́n wo àwo. Wọ́n wá ké sí ìyàwó wọn nínú ilé ìdáná. "Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ wá wo ẹ̀rọ tó ń jẹ uyán."

Màmá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí ilé tó pa rọ́rọ́.

"Òfin rẹ kò burú," Bàbá ní. "Ìkíni tiwa ni kò mọ̀. Ká ní ó ń ṣọ́ ará ilé pẹ̀lú, ṣé ará Arámọkọ kankan wà tí ì bá mú?"

"Rárá, Bàbá."

"Ó dára. Ó ti fi hàn pé ẹ kì í kí ènìyàn. Ìtanràn rẹ rèé: ní àárọ̀ ọ̀la, kí gbogbo ará Ulé Ẹ̀fọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi oríkì wọn kún un. Èyí tí o kò bá mọ̀, béèrè. Kí tilẹ̀ ni oríkì tìrẹ?"

"Àṣàkẹ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í pè mí bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ní kí n wá fọwọ́, kí n jẹun.

Mo fi ọ̀sán yẹn kó oríkì jọ lọ́dọ̀ Ṣẹ́gun. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo jí ní kùtùkùtù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí ènìyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí iṣẹ́ ni mo ṣe ń ṣe é. Kí n tó dé ẹnì kẹwàá, wọ́n ti ń dá mi lóhùn, wọ́n ń béèrè ọmọ ta ni mí, obìnrin kan ní òun bá ìyá mi ta aṣọ rí. Mo kí ẹni ogún, mo kí ẹni kọkànlélógún. Mo fẹ́ kí ẹni kejìlélógún, ọ̀rọ̀ mi kò lọ mọ́. Ohun tó hàn lójú fóònù ni pé Ulé Ẹ̀fọ̀n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ Ulé Arámọkọ. Ìdí: ẹ̀rọ.

Òfin tí mo fi ránṣẹ́ sí Ṣẹ́gun ni. Mo ti gbàgbé pé ó ń lò ó.

Fóònù mi dún. Bàbá ni, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín Ṣẹ́gun lẹ́yìn wọn. "Àṣàkẹ́, a kò gbọ́ ohùn rẹ mọ́. Ṣé o ti jẹ uyán?"

A yí òfin náà padà lọ́jọ́ yẹn ní ilé méjèèjì. Sáfà kì í dá ti ilẹ̀kùn mọ́. Tí ó bá fura, ó ń pe ènìyàn kan kí ó wá wò ó. Kí n tó kọ òfin tuntun nísinsìnyí, mo máa ń kọ́kọ́ jókòó wo òwúrọ̀ kan gbáko, kí n rí bí àwọn ará ilé ṣe ń gbé. Màmá ti gba Àbẹ̀kẹ́ wọn padà. Èmi náà sì ń gba tèmi ní àràárọ̀, kí Bàbá tó lọ sóko: "Ẹ̀rọ Arámọkọ, ṣé dáadáa lo jí, Àṣàkẹ́?"

Mo máa ń dáhùn kí n tó wẹ ojú.