Awò Ojú Tí Clémentine Gbé Wá

Àkọ̀ ni Ràdíyàtù ń ṣe jẹun. Àkọ̀ ọ̀bẹ, àkọ̀ sísọ́ọ̀sì àwọn télọ̀, àkọ̀ fóònù, àkọ̀ awò ojú: ohunkóhun tí ènìyàn bá fẹ́ máa tì bọ inú awọ, tí kò fẹ́ kó já bọ́, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kékeré ní Adjamé, ní ìlú Abidjan, lẹ́yìn ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì gbaka ti ń kó èrò lọ sí Yopougon. Ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí i sí, iṣẹ́ ọkùnrin ni iṣẹ́ awọ. Ṣùgbọ́n obìnrin ni gbogbo ọmọ tí bàbá rẹ̀ bí, bàbá náà sì ní òun ò ní torí ìyẹn gbé ìlu tí òun fi ń lu awọ àti ọ̀bẹ òun fún ọmọ ọlọ́mọ. Bí Ràdíyàtù ṣe kọ́ iṣẹ́ náà nìyẹn. Nígbà tó fẹ́ Àrìmíyàù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń gbé Abidjan tipẹ́, irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dì sínú ẹrù kó tó kan aṣọ.

Kì í gba ìwọ̀n lọ́wọ́ oníbàárà. Bí ẹnìkan bá mú ìwé tó kọ ìwọ̀n sí wá, á ní kó padà lọ gbé nǹkan náà fúnra rẹ̀. Á rẹ awọ sómi títí yóò fi rọ̀, á fi ọ̀rá wé nǹkan náà kí omi má bàa bà á jẹ́, á tì í bọ inú awọ, á wá máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ káàkiri títí awọ yóò fi gba ìrísí rẹ̀. Inú awọ náà ni yóò fi í sí títí awọ yóò fi gbẹ. Ó ní àkọ̀ tó dára kì í fún nǹkan lọ́rùn, kì í sì í jẹ́ kó máa mì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ọmọbìnrin kan wọlé tọ̀ ọ́ wá. Clémentine ló pe ara rẹ̀. Arẹwà ni, ó di irun rẹ̀ sẹ́yìn, òórùn ẹja díndín sì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó kí i ní Faransé, "Bonjour, Tantie," ó wá tú áńkáṣíìfù kan lórí tábìlì. Awò ojú ló wà nínú rẹ̀.

Ràdíyàtù mú un, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n kí ojú rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Apá òsì awò náà ti dá rí. Ẹnìkan ti fi okùn awọ ewúrẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wé e, ó sì ti fi orí okùn náà pamọ́ sábẹ́ ara rẹ̀, débi pé ènìyàn ò ní rí ibi tó parí sí. Ní gbogbo Adjamé, kò sí ẹni tó ń wé okùn báyẹn àfi òun. Awò ojú ọkọ rẹ̀ ni.

Nínú oṣù ààwẹ̀ ni Àrìmíyàù ti sọ fún un pé awò náà bọ́ sọnù nínú gbaka, tòun ti àkọ̀ tó ṣe fún un.

Ràdíyàtù ò jẹ́ kí ojú rẹ̀ yí padà. "Ta ló ni ín?" ló bi ọmọbìnrin náà.

"Ti papa mi ni."

"Ṣé òun ló rà á?"

Clémentine rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Tantie. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fún un. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

"Ọ̀rẹ́ rẹ."

"Ẹ̀ẹ́n. Kò sí ọjọ́ tí kì í wá sọ́dọ̀ mi ní Treichville."

"Fi í sílẹ̀," ni Ràdíyàtù wí. "Awọ ní láti gbẹ mọ́ ọn lára. Tó bá di Jimọ̀, kí o padà wá."

Nígbà tí ọmọbìnrin náà lọ tán, ó gbé iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìlu sì gún un lọ́wọ́ kó tó rán ojú abẹ́rẹ́ kan. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti kékeré!

Ilé wọn wà ní Niangon. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó jókòó, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò. Kò pẹ́ tó fi rí ohun tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ tí kò kà sí. Àrìmíyàù kì í wò ó lójú mọ́. Bó bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ ló máa ń dojú kọ. Àtijọ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ní báyìí, kí wọ́n tó pe ìrun màgàríbà, ó ti wọlé. Kì í ka Kùránì mọ́. Orí ló fi ń ké e, á sì di ojú. Fóònù rẹ̀ a dún pé àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, kò ní ṣí i níṣojú rẹ̀.

Ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Bàsìt, awò ojú yín yẹn, ẹ ò gbúròó rẹ̀ mọ́?"

"Awò wo?"

"Èyí tó sọnù."

"Mo sọ fún ọ pé inú gbaka ló bọ́ sí."

"Tòun ti àkọ̀?"

"Tòun ti àkọ̀." Ó ń fi ìka wá etí àwo kó tó bu òkèlè. "Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Àánú àkọ̀ yẹn ló ń ṣe mí."

Láàárọ̀, lẹ́yìn tí Àrìmíyàù ti jáde, tó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́ ní port, Ràdíyàtù yẹ aṣọ rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Nínú àpò abẹ́nú jákẹ́ẹ̀tì òtútù rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ba ohun tó ń wá. Àkọ̀ náà rèé. Kò bọ́ sínú gbaka kankan. Òfìfo ni, ó ń dán bí ohun tí ẹnìkan ń fọwọ́ pa lára lójoojúmọ́.

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó dá a lójú nígbà náà pé ọkọ òun ń purọ́ fún òun. Ohun tó kù ni bí irọ́ náà ṣe gùn tó.

Ràmúlátù, tó ń ta aṣọ pagne ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni ẹni kan ṣoṣo tó sọ ọ́ fún. Ràmúlátù ò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní, "Ọkùnrin tí kò wo ìyàwó rẹ̀ mọ́, ẹlòmíì ló ń wò. Ìwọ lọ sí Treichville yẹn kí o lọ fojú ara rẹ rí i."

"Tí mo bá débẹ̀ tí mo rí i ńkọ́?"

"O ti rí i nìyẹn. Ṣé kí o jókòó síbí kí ìlu máa gún ọ lọ́wọ́ ló dára?"

Ràdíyàtù wá ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó gé awọ, ó rẹ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ awò náà lára, ó rán an, ó fi ìda oyin dán etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ fún. Ó tijú bó ti ń ṣe é. Ó rò ó pé bí bàbá òun bá wà láyé, á gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ òun.

Lọ́jọ́ Jimọ̀, Clémentine dé. Ó gbìyànjú láti fa awò náà yọ, kò yọ bọ̀rọ̀.

"O rí i," ni Ràdíyàtù wí. "Ọwọ́ àgbàlagbà ò ní lè fà á. Mo fẹ́ rí bí bàbá rẹ ṣe ń di nǹkan mú kí n tó tún un ṣe. Jẹ́ ká jọ lọ."

Inú ọmọbìnrin náà dùn gan-an. Kò sí ẹ̀tàn kankan lójú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì tún bí Ràdíyàtù nínú. Ó ń rò ó nínú ọkọ̀, bí wọ́n ti ń gba orí afárá kọjá, pé ẹni tó mọ irọ́ pa dáadáa ni irú ojú yẹn ń bẹ lára rẹ̀.

Abẹ́ tapolín kan ni Clémentine ti ń ta attiéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja, ní àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ port ti ń jẹun ọ̀sán. Bàbá arúgbó kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì. "Papa mi nìyẹn," ni Clémentine wí, "Vieux Émile." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà ni Àrìmíyàù jókòó sí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ tí Ràdíyàtù lọ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Agbada àlùbọ́sà wà lórí itan rẹ̀, ó ń bó wọn.

Clémentine kọjá níwájú Ràdíyàtù, ó lọ gbé ọwọ́ lé èjìká Àrìmíyàù bí ẹni tó ti mọ́ lára. "Tonton, mo ti dé o. Mo mú àlejò wá."

Àrìmíyàù gbójú sókè. Ó wo Ràdíyàtù tààrà, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bonjour, Madame," ló wí. "Ẹ káàbọ̀, ẹ wá ibi jókòó sí."

Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn Ràdíyàtù ni pé ó ń díbọ́n. Ó ń sẹ́ mi! Níwájú àlè rẹ̀, ó ń sẹ́ mi! Ẹnu rẹ̀ ti là láti pariwo. Ṣùgbọ́n ó rọra sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, láìsọ̀rọ̀, kí ó lè wo ojú irọ́ náà dáadáa. Ojú Àrìmíyàù ò tẹ̀lé e. Ibi tó ti kúrò ló ṣì ń rẹ́rìn-ín sí. Ràdíyàtù gbé ọwọ́ sókè, ó nà án dé iwájú imú ọkọ rẹ̀. Ìpéǹpéjú ò mì.

Ràdíyàtù sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

"Bàbá Bàsìt," ló wí.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Àrìmíyàù sínú àlùbọ́sà. "Ràdíyàtù?" Kì í pe orúkọ rẹ̀ báyẹn, Ìyá Bàsìt ló máa ń pè é láti ìgbà tí wọ́n ti bímọ. "Ràdíyàtù, ìwọ ni?"

"Ẹ mọ ara yín ni?" Clémentine ń wo àwọn méjèèjì.

"Ọkọ mi ni."

Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ṣùgbọ́n, Tonton, ẹ sọ fún mi pé Nigeria ni ìyàwó yín wà!"

Vieux Émile rọra gbé agbada kúrò lórí itan Àrìmíyàù.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu Àrìmíyàù. Láti ìdunta ni ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Nọ́ḿbà ara àpótí ẹrù ni iṣẹ́ rẹ̀ ní port, kí ó kà á, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka mẹ́ta sí mẹ́jọ, ó fiṣẹ́ sílẹ̀ kí àṣírí tó tú. Owó ìfẹ̀yìntì tó gbà ló ń mú wálé díẹ̀díẹ̀. Bí oòrùn ò bá mú púpọ̀, ó ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ènìyàn, àwọn ọmọ tó ń gba owó ọkọ̀ sì mọ̀ ọ́n, wọ́n ń fà á gòkè. Lọ́jọ́ kan tó dúró lójú títì tí kò lè sọdá, Clémentine ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Láti ìgbà náà, ibẹ̀ ló ń jókòó sí. Awò ojú ò wúlò fún un mọ́, ó sì rí i pé ó bá ojú Vieux Émile mu, ló bá fún un.

"Àkọ̀ rẹ̀ ńkọ́?" ni Ràdíyàtù bi í.

"N ò lè fún ènìyàn ní ìyẹn. Ọwọ́ rẹ ló ṣe é."

"Ẹ wá lè jókòó níwájú mi, kí ẹ máa purọ́ mọ́ gbaka."

Àrìmíyàù tẹ orí ba. "Ìwọ náà mọ bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́, wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni pé etí rẹ̀ náà ti fọ́. Mo ní bí o bá mọ̀, o máa dá mi padà sílé lọ jókòó síbẹ̀."

"Èmi?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ fún ọmọ yìí pé Nigeria ni mo wà?"

"Bó bá mọ̀ pé ìtòsí lo wà, ì bá ti wá fà ọ́ wá lọ́jọ́ kejì. O rí bí ọmọ náà ṣe rí."

Bóyá òótọ́ ni. Ràdíyàtù yí ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún sósì nínú ọkàn rẹ̀, kò rí ibi tó ti ya, síbẹ̀ kò dùn ún gbé mì.

Àrìmíyàù na ọwọ́ wá a, kò bá a. "Ìyá Bàsìt, kí lo rò pé mò ń ṣe?"

Ràdíyàtù di ọwọ́ náà mú, ó gbé e dìde. Kó tó kúrò níbẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gé ẹnu àkọ̀ Vieux Émile ní ìlàjì òṣùpá, awò náà sì ń wọ̀, ó ń jáde gẹ́lẹ́ bó ti yẹ.

Dókítà ojú tí wọ́n lọ bá ní kí wọ́n tó wá ni ojú ọ̀tún ti kú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ti òsì, nǹkan funfun ló bò ó. Wọ́n lè ṣí i kúrò. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lẹ́yìn Iléyá. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, Àrìmíyàù ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó wo ìyàwó rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

"O ti rù," ló wí.

Ràdíyàtù bú sẹ́kún níwájú dókítà, kò sì lè sọ èwo nínú gbogbo rẹ̀ ló ń sun ẹkún sí.

Ṣọ́ọ̀bù Adjamé ni Àrìmíyàù ń jókòó sí báyìí. Ó ń fi ìda pa òwú, ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dìde lọ́sàn-án, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ yọjú sí Vieux Émile ní Treichville, òun ò ní pẹ́.

Ràdíyàtù fi awọ tó ń gé sílẹ̀. "Ẹ dúró, Bàbá Bàsìt. Ẹ jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn, ká jọ lọ."

"Mo ti ń rí ọ̀nà o."

"Mo mọ̀."

Ràmúlátù na ọrùn láti ẹ̀gbẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. "O ò tíì fọkàn tán an ni?"

Ràdíyàtù yí kọ́kọ́rọ́, ó dán ilẹ̀kùn wò, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ nínú èrò.