Ewé Tí Ràkúnmí Jẹ

Ọlábámijí Adéoyè sá fún iṣẹ́ ọdẹ bàbá rẹ̀ ní Ìgbòho, ó wọ bàálù, ó sọ̀ sí Dubai, wọ́n sì mú un lọ sí ibùdó àwọn ọdẹ. Sikiọ́ríìtì ni ìwé àdéhùn rẹ̀ pè é. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó lè wa ọkọ̀ lórí yanrìn aginjù Sharjah láì rì, wọ́n ní kó máa yẹ ọ̀nà wò.

Àwọn ọdẹ ibẹ̀ kì í gbé ìbọn. Àṣá ni wọ́n ń jù. Láti oṣù kẹwàá, tí oòrùn bá ti rọjú díẹ̀, ni wọ́n ti ń kó jíìpù wá, àṣá á jókòó níwájú, fìlà awọ á bò ó lójú. Àwọn àṣá wọ̀nyí ní páásípọ́ọ̀tù tiwọn, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n níbodè pé ta ló fẹ́ gbà wọ́n lálejò. Ọlábámijí ló ń ṣáájú wọn jáde láàárọ̀, tó ń ri àsíá pupa mọ́ ibi tí yanrìn ti rọ̀ jù, tó sì ń kọ bí ọ̀nà ṣe rí sójú pátákó ẹnu géètì.

Nírọ̀lẹ́, ní yàrá tí àwọn mẹ́fà ti jọ gba bedspace, bẹ́ẹ̀dì kan fún ẹnì kan, ní Muwaileh ní Sharjah, á pe bàbá rẹ̀. Bàbá kì í bi í bóyá ó jẹun.

"Báwo lọ̀nà?"

"Ó gbẹ, Bàbá. Afẹ́fẹ́ ti gbá gbogbo ẹsẹ̀ àná nù."

"Ẹsẹ̀ ẹran ńkọ́?"

"Ti ràkúnmí nìkan ni."

"Ẹ ò wá lè yìn ín níbọn?"

"Ó lẹ́ni tó ni ín, Bàbá."

"Kí lẹ wá ń ṣe nínú igbó?"

Obadiah, tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, á bẹ orí wálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Bàbá wá síbí o. Ọjọ́ tó bá dé ni wọ́n máa dá a padà."

Ní oṣù kọkànlá, Láyọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin pè. Bàbá ò jẹun mọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a láyé, kó má kọjá ọ̀sẹ̀ yìí."

Suresh, mánígà ibùdó, kì í ṣèèyàn burúkú. Ó ní Fúráídè ni ìjáde tó tóbi jù lọ́dún náà. Tí Ọlábámijí bá ti bá wọn yẹ ọ̀nà yẹn wò, kó máa lọ ní Sátidé. Khalas, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Òjò tí í rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún wá yan Tọ́sìdé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọlábámijí bá ilẹ̀ iyọ̀ kan lójú ọ̀nà, òkè rẹ̀ gbẹ bí ìpékeré, abẹ́ rẹ̀ rí bí ẹ̀kọ mímu. Ìjì ti kó àsíá rẹ̀ lọ. Ó wá mú ẹ̀ka igi ghaf kan tí afẹ́fẹ́ ya, ewé tútù ṣì wà lára rẹ̀, ó fi dábùú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Ìgbòho: ọdẹ tó bá rí ewé tútù lójú ọ̀nà, á ṣẹ́rí padà láì bi ẹnikẹ́ni.

Bó ṣe dé géètì, tó fẹ́ kọ ọ́ sójú pátákó, Láyọ̀ pè. Bàbá fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Báwo lọ̀nà?" Ohùn náà ti tín-ín-rín.

"Òjò ti bà á jẹ́, Bàbá. Mo ti fi ewé dí i."

"O ṣeun. Ọmọ ọdẹ ni ẹ́."

Ọdún méjìdínlógójì ni Ọlábámijí ti ń dúró de gbólóhùn yẹn. Ó lọ jókòó sẹ́yìn àgọ́, ó ń sunkún. Kò kọ nǹkan kan sójú pátákó.

Ní Ìgbòho, kò sí ẹran tó máa ń jẹ ìkìlọ̀. Níbí, ràkúnmí jẹ ewé náà. Jíìpù àkọ́kọ́ sáré wọ ilẹ̀ iyọ̀, ó rì dé fèrèsé, eegun èjìká awakọ̀ sì dá. Nǹkan kan ò ṣe àṣá.

"Àmì dà?" Suresh bi í.

"Ewé ni mo fi síbẹ̀, sà."

Wọ́n lọ wò ó. Igi kan tí kò léwé lórí ni wọ́n bá, àti ẹsẹ̀ ràkúnmí. Suresh wò ó títí. "Ewé," ló sọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó fagi lé ìsinmi rẹ̀ títí ìwádìí á fi parí. Bàálù Sátidé gbéra láìsí i nínú rẹ̀.

Bàbá kú ní Túsìdé.

Nílé wọn, tí wọ́n bá ti gbé ohun ọdẹ olóògbé lọ sínú igbó, àkọ́bí ló ń fi ewé dí ọ̀nà lẹ́yìn wọn, kí òkú má bàa padà wálé. Nígbà tí Láyọ̀ pè é, Olúọdẹ Ìgbòho gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣe é níbi tó o wà. Bàbá ẹ á rí i."

Ọlábámijí padà lọ sí ilẹ̀ iyọ̀ náà, ó fi ẹ̀ka ghaf mìíràn dábùú ọ̀nà, ó sì dúró tì í. Kò pẹ́ tí ràkúnmí kan fi ń bọ̀, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bí onílé. Ọlábámijí mú òkúta. Ó wo ọ̀nà náà sẹ́yìn, ó wò ó síwájú. Ó ju òkúta náà nù, ó sì yà fún un. Ràkúnmí jẹ ewé náà tán pátá.

"Ẹ ti fi ewé dí i, Ẹ̀gbọ́n?" Láyọ̀ bi í lórí fóònù.

"Mo ti fi ewé sí i."

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì kọjú sí ibi tí Ìgbòho wà, bí ẹni tó ń retí àlejò.